Ẹ̀rọ ti ń kọ ohun tí dókítà bá sọ, ta ni yóò kà á kó tó wọ fáìlì?

Ẹni tó bá mọ àdúgbò Ọjà Ọba l'Ádó-Èkìtì yóò mọ irú ṣọ́ọ̀bù kan tí kì í ju yàrá kan lọ. Kọ̀ǹpútà kan tàbí méjì ni yóò wà níbẹ̀, ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì á wà lẹ́nu ọ̀nà, jẹnẹrétọ̀ kékeré á máa pariwo lẹ́yìnkùlé, ọmọbìnrin kan á sì jókòó sídìí kọ̀ǹpútà tí ọwọ́ rẹ̀ kì í sinmi. Ibẹ̀ làwọn èèyàn ń gbé lẹ́tà ìwáṣẹ́, ìwé àdéhùn ilẹ̀ àti ìwé ètò ìsìnkú lọ. Ibẹ̀ náà ni ìwé dókítà máa ń gbà kọjá. Ẹni tí ilé-iṣẹ́ ní kó mú ìwé àyẹ̀wò ara wá, ẹni tí wọ́n fẹ́ gbé lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, ẹni tó ń bá ilé-iṣẹ́ adójútòfò fa ọ̀rọ̀ owó ìtọ́jú, gbogbo wọn ló ń mú bébà tí dókítà fọwọ́ kọ wá pé kí wọ́n bá àwọn tẹ̀ ẹ́. Àwọn tó ń ta oògùn gan-an a máa yí irú bébà bẹ́ẹ̀ sọ́tùn-ún sósì kí wọ́n tó mọ ohun tó wà níbẹ̀. Ọmọbìnrin yìí á wò ó lẹ́ẹ̀kan, á sì tẹ̀ ẹ́.

Ní báyìí, ẹ̀rọ kan ti wà tí kò fẹ́ mọ̀ bóyá ìwé dókítà ṣeé kà tàbí kò ṣeé kà, nítorí ohùn dókítà gan-an ló ń gbọ́. Bí dókítà bá ṣe ń sọ̀rọ̀ sínú fóònù tàbí kọ̀ǹpútà, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà yóò máa jáde ní kíkọ, tí wọ́n á sì fi pamọ́ sínú fáìlì aláìsàn. Ìpolówó rẹ̀ dùn létí: ẹni tó ní ilé ìwòsàn kékeré kò ní nílò akọ̀wé mọ́, kò ní san owó ìwé títẹ̀ mọ́, dókítà á sì ráyè rí aláìsàn púpọ̀ sí i. Apá kan nínú ìpolówó yìí, òótọ́ ni. Apá kejì ni kí oníṣòwò fura sí. Iṣẹ́ méjì ni ọmọbìnrin Ọjà Ọba yẹn ń ṣe pọ̀. Ó ń tẹ̀wé, ó sì ń ka ohun tó ń tẹ̀. Bó bá rí i pé wọ́n kọ ọjọ́ 50 sí iwájú oògùn ibà, á gbórí sókè, á béèrè pé ṣé ọjọ́ 5 kọ́ ni. Ẹ̀rọ lè gba iṣẹ́ títẹ̀. Iṣẹ́ kíkà ṣì wà nílẹ̀ digbí, ilé ìwòsàn tó bá sì yọ owó rẹ̀ kúrò nínú ìṣirò yóò san án lọ́nà mìíràn.

Pé àwọn ilé ìwòsàn aládàáni kéékèèké nílò ìrànlọ́wọ́ lórí ìwé kíkọ, kò sí ẹni tó lè jiyàn rẹ̀. Ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì lè ní ẹ̀ka kan tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju ìtọ́jú àkọsílẹ̀ aláìsàn lọ. Ilé ìwòsàn oníbẹ́ẹ̀dì mẹ́jọ tó wà ládùúgbò Ìjìgbò tàbí Ajílósùn kò lè ní in. Nọ́ọ̀sì kan náà tó ń gún abẹ́rẹ́ ló ń wá káàdì, inú páálí ni káàdì wà, eku ti jẹ etí òmíràn, òjò sì ti kan òmíràn. Bẹ́ẹ̀, òfin ìlera orílẹ̀-èdè tó jáde lọ́dún 2014 ti sọ ọ́ di dandan fún ẹni tó bá ń darí ibi ìtọ́jú pé kí àkọsílẹ̀ wà fún gbogbo ẹni tó bá gba ìtọ́jú níbẹ̀. Nígbà tí òfin adójútòfò ìlera tuntun tún jáde lóṣù karùn-ún ọdún 2022, tó ní kí gbogbo ẹni tó ń gbé Nàìjíríà wà lábẹ́ ètò náà, ọ̀rọ̀ ìwé kíkọ di ọ̀rọ̀ owó pátápátá. Ẹni tó ń san owó adójútòfò kì í sanwó lórí ohun tí kò bá rí ní kíkọ. Àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe tí wọn kò kọ, oògùn tí wọ́n fún aláìsàn tí orúkọ rẹ̀ kò ṣeé kà lórí ìwé, ọrùn ilé ìwòsàn ni gbèsè rẹ̀ ń wà.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Bí dókítà kan bá ń rí aláìsàn 30 lóòjọ́, tó sì ń fi ìṣẹ́jú 6 kọ̀wé lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, wákàtí 3 ti lọ sórí ìwé kíkọ nìkan. Bó bá jẹ́ pé ẹnu ló fi ń sọ ọ́ fún ẹ̀rọ, ìṣẹ́jú kan péré lè tó fún aláìsàn kan, gbogbo rẹ̀ á sì di ìṣẹ́jú 30. Wákàtí méjì àbọ̀ ti ṣẹ́ kù nìyẹn. Iye yìí ni àwọn tó ń ta ẹ̀rọ máa ń sọ. Ohun tí wọn kì í fi ẹnu bà ni pé ẹnì kan gbọ́dọ̀ ka ohun tí ẹ̀rọ kọ, kó sì tún un ṣe. Bí ìyẹn bá gba ìṣẹ́jú méjì lórí aláìsàn kọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú 60 ni. Èrè ṣì wà níbẹ̀, wákàtí kan àbọ̀ gbáko ni, kì í sì í ṣe èrè kékeré fún ilé ìwòsàn oní-dókítà kan. Ṣùgbọ́n èrè wákàtí méjì àbọ̀ kọ́.

Ẹ̀rọ yìí kì í ṣe ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lánàá. Lọ́dún 1952 ni àwọn onímọ̀ ilé-iṣẹ́ Bell l'Amẹ́ríkà ti ṣe ọ̀kan tí wọ́n pè ní Audrey, nọ́ńbà ẹyọ kọ̀ọ̀kan nìkan ló sì lè gbọ́. Lọ́dún 1997, ilé-iṣẹ́ Dragon Systems, èyí tí tọkọtaya kan, Jim àti Janet Baker, dá sílẹ̀, gbé NaturallySpeaking jáde, èyí tí èèyàn lè máa bá sọ̀rọ̀ geere láì dúró lẹ́yìn ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ní gbogbo àsìkò yẹn, ọ̀pọ̀ dókítà l'Amẹ́ríkà ló ń sọ̀rọ̀ sínú téèpù tí wọ́n sì ń gbé e fún àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó yá, wọ́n ń fi ohùn náà ránṣẹ́ sí India àti Philippines, níbi tí títẹ ọ̀rọ̀ dókítà ti di òwò tó ń bọ́ ìdílé. Lọ́dún 2021, Microsoft kéde pé òun yóò fi bílíọ̀nù 19.7 dọ́là ra Nuance, ilé-iṣẹ́ tí Dragon ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà náà, tó sì lókìkí láàárín àwọn dókítà. Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu dókítà kì í ṣe ọjà, kó tún iye yẹn kà.

Ohùn ta ni wọ́n wá fi kọ́ àwọn ẹ̀rọ yìí? Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ohùn kọ̀wé kò gbọ́ èdè bí èèyàn ṣe ń gbọ́ ọ. Ohùn ọ̀pọ̀lọpọ̀ wákàtí ni wọ́n máa ń kó fún un, pẹ̀lú ohun tí ohùn kọ̀ọ̀kan sọ ní kíkọ, á wá máa fi èyí tó ti gbọ́ rí méfò èyí tó ń gbọ́ lọ́wọ́. Ohùn tí kò bá mọ̀, á fi èyí tó jọ ọ́ rọ́pò. Lọ́dún 2020, àwọn olùṣèwádìí láti Yunifásítì Stanford gbé èsì àyẹ̀wò kan jáde lórí ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ márùn-ún, ìyẹn Amazon, Apple, Google, IBM àti Microsoft. Nínú ọ̀rọ̀ 100 tí àwọn aláwọ̀ funfun sọ, àwọn ẹ̀rọ náà ṣi nǹkan bíi 19 gbọ́. Nínú 100 tí àwọn aláwọ̀ dúdú sọ, wọ́n ṣi 35 gbọ́. Ọmọ Amẹ́ríkà sì ni àwọn aláwọ̀ dúdú wọ̀nyẹn o, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ láti kékeré. Ẹni tó bá fẹ́ kó wá ro ti dókítà tó dàgbà n'Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, tó kàwé n'Íbàdàn, tí Gẹ̀ẹ́sì ẹnu rẹ̀ sì ń rìn bí Yorùbá.

Ọmọ Nàìjíríà kan ti gbé ọ̀rọ̀ yìí lérí. Dókítà Tobi Olatunji, ẹni tó kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn kó tó yà sídìí ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, dá ilé-iṣẹ́ Intron sílẹ̀ lọ́dún 2020, iṣẹ́ ibẹ̀ sì ni kí ẹ̀rọ lè gbọ́ dókítà Áfíríkà bó ṣe ń sọ̀rọ̀ gan-an. Lọ́dún 2023, òun àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ gbé àkójọ ohùn kan jáde tí wọ́n pè ní AfriSpeech-200. Wákàtí 200 ni ohùn inú rẹ̀, èèyàn 2,463 ló sọ̀rọ̀ níbẹ̀, orílẹ̀-èdè 13 ni wọ́n ti wá, ọ̀nà 120 ni wọ́n sì gbà ń pe Gẹ̀ẹ́sì, bí èdè abínibí kálukú ṣe rí. Ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn wà nínú rẹ̀ dáadáa. Lọ́dún kan náà ni wọ́n tún gbé ìwádìí jáde lórí bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ yìí ṣe ń ba orúkọ ọmọ Áfíríkà jẹ́. Ní 2024, àwọn olùdókòwò tí ilé-iṣẹ́ Microtraction ṣáájú wọn fi mílíọ̀nù 1.6 dọ́là sí iṣẹ́ Intron. Wákàtí 200 lè dà bí nǹkan kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ wákàtí 680,000 tí ilé-iṣẹ́ OpenAI fi kọ́ ẹ̀rọ tirẹ̀, Whisper, tó jáde lọ́dún 2022. Kékeré náà ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ra etí kò gbọ́dọ̀ wo bí etí ṣe tóbi tó, ohun tí etí náà ti gbọ́ rí ló yẹ kó béèrè.

Ọ̀rọ̀ orúkọ yẹn, kí ẹnikẹ́ni má fojú kékeré wò ó. Ọmọ́lará àti Ọmọ́lọlá lè wà nínú ìlà kan náà lọ́jọ́ kan náà, kí bàbá wọn sì jẹ́ orúkọ kan náà. Nọ́ọ̀sì tó mọ̀ wọ́n lójú kò ní ṣi wọ́n mú. Ẹ̀rọ kò rójú ẹnikẹ́ni. Bó bá fi àkọsílẹ̀ Ọmọ́lará, tí ara rẹ̀ kọ oògùn kan, sínú fáìlì Ọmọ́lọlá, àṣìṣe yẹn lè wà níbẹ̀ fún ọdún mẹ́ta kó tó di pé ẹnì kan yóò gún abẹ́rẹ́ tí kò yẹ kó gún. Orúkọ oògùn tún burú ju ìyẹn lọ. Chlorpromazine wà, oògùn tí wọ́n ń fún ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ ń dà láàmú. Chlorpropamide náà wà, oògùn àtọ̀gbẹ ni, èyí tó ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀. Kí èèyàn pe méjèèjì kíákíá, kó sì gbọ́ bí wọ́n ṣe jọra wọn. Bẹ́ẹ̀ ni 15 àti 50 rí lẹ́nu ẹni tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó ń gbọ́ ọ lójúkojú pàápàá máa ń ní kó tún un sọ. Ẹ̀rọ kì í ní kí wọ́n tún un sọ. Èyí tó bá wù ú ni yóò kọ.

Ti èdè tún wà níbẹ̀. Ìyá tó ń ta èlùbọ́ l'Ọ́jà Ọba kò ní fi Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé àìsàn rẹ̀, kò tilẹ̀ ní fi Yorùbá inú ìwé ṣàlàyé rẹ̀. Èkìtì ni yóò sọ. Á pe ilé ní ulé, á pe igi ní ugi. Dókítà tó bá jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú á ní kí nọ́ọ̀sì bá òun dá sí i, á fi Yorùbá gbogbogbòò dá ìyá lóhùn, á wá fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́ sórí káàdì. Èdè mẹ́ta ló kọjá láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì nìkan kọ́ kò lè bá ìjíròrò yẹn lọ, àfi kí dókítà dúró lẹ́yìn tí ìyá bá jáde, kó wá fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà yìí ló sì dára jù fún ilé ìwòsàn kékeré lónìí, ó kéré tán dókítà ti ro ohun tó fẹ́ sọ. Lóòótọ́, lóṣù kẹwàá ọdún 2024, Google fi Yorùbá kún àwọn èdè tí èèyàn lè sọ sínú fóònù kó sì di kíkọ. Ìlọsíwájú tó yẹ ká yọ̀ sí ni. Àmọ́ fún ẹni tó fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ ló wúlò fún, fáìlì aláìsàn kọ́. Nínú Yorùbá, àmì kan lábẹ́ lẹ́tà kan ló wà láàárín oyún àti ọyún. Bí ẹ̀rọ bá kọ ọ́ láìfi àmì sí i pé oyun wà níkùn obìnrin kan, ẹni tó máa kà á ní ilé ìwòsàn kejì lè má mọ̀ bóyá kó kí i kú oríire tàbí kó gbé e lọ sí yàrá iṣẹ́ abẹ.

Èyí tó ṣòroó gbà gbọ́ jù ni pé ẹ̀rọ a tún máa kọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ. Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2024 lórí Whisper fi hàn pé nínú bí 100 ohùn tí wọ́n fún un kọ sílẹ̀, bí ẹyọ kan ló ní gbólóhùn tí ẹ̀rọ náà kàn hùmọ̀ fúnra rẹ̀. Nínú irú àhùmọ̀ bẹ́ẹ̀, bí 38 nínú 100 ló jẹ́ ọ̀rọ̀ tó lè ṣe èèyàn ní jàǹbá. Lára ohùn àwọn tó máa ń dákẹ́ pẹ́ láàárín ọ̀rọ̀ ló sì ti ṣẹlẹ̀ jù. Yàrá dókítà kò sì ṣe aláìní ìdákẹ́jẹ́. Dókítà á dákẹ́ kó lè gbọ́ àyà aláìsàn, á dákẹ́ kó lè ka èsì láàbù, lẹ́yìn ìdákẹ́jẹ́ yẹn, ariwo jẹnẹrétọ̀ àti gbohùngbohùn ẹni tó ń ta egbòogi lójú títì á wọlé. Ẹ̀rọ lè gbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀ látinú gbogbo ìyẹn.

Nǹkan kan wà tí ìwé ọwọ́ dókítà fi sàn ju ìwé ẹ̀rọ lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo èèyàn ló ń fi ìwé ọwọ́ dókítà ṣe yẹ̀yẹ́. Ìwé tí kò ṣeé kà máa ń kìlọ̀ fún ẹni tó ń kà á. Ẹni tó ń ta oògùn á dúró, á fóònù dókítà, á béèrè. Ìwé tí ẹ̀rọ kọ mọ́ tónítóní, ìlà rẹ̀ gún, orúkọ oògùn inú rẹ̀ pé pérépéré, kódà nígbà tó bá jẹ́ oògùn ẹlòmíràn. Kò sí ohun tó máa mú ẹnikẹ́ni dúró.

Àwọn kan á sọ pé, bí wọ́n bá tún máa gba ẹni tí yóò máa ka ìwé, kí ni wọ́n fẹ́ ra ẹ̀rọ fún? Ìbéèrè gidi ni. Dókítà gan-an ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé náà, òun náà ló sì ń jẹ́jọ́ rẹ̀ bí nǹkan bá bàjẹ́, ẹlòmíràn kò lè gba ìyẹn lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n dókítà tó ti rí aláìsàn 30 kì í ka ìwé mọ́ nírọ̀lẹ́, ojú ló ń fi gbá a kọjá, pàápàá bó bá jẹ́ òun ló sọ ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tó ń ka ohun tí òun fúnra rẹ̀ sọ, ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ló máa ń rí lórí bébà. Ẹni kejì ló máa ń rí àṣìṣe. Ìṣẹ́jú méjì lórí aláìsàn 30, wákàtí kan lóòjọ́ nìyẹn, kò tó iṣẹ́ odindi ọjọ́ kan. Ẹni náà á ní àyè tó pọ̀ láti máa kọ ìwé owó adójútòfò, láti máa pe àwọn aláìsàn tó yẹ kó padà wá, àti láti kó àwọn káàdì tó wà nínú páálí wọ kọ̀ǹpútà díẹ̀díẹ̀. Ilé ìwòsàn tó bá ń gba owó adójútòfò tí wọ́n ti ń dá padà tẹ́lẹ̀ ti rí apá kan nínú owó oṣù ẹni náà nìyẹn.

Ibo ni wọ́n ti máa rí irú ẹni bẹ́ẹ̀? Ohun tí wọ́n ń wá lọ sí Sókótó wà lápò ṣòkòtò. Ọmọbìnrin tó ti fi ọdún mẹ́wàá ka ìwé dókítà nínú ṣọ́ọ̀bù l'Ọ́jà Ọba mọ orúkọ oògùn ju ọ̀pọ̀ èèyàn lọ, ó mọ orúkọ àwọn ará Adó, ó mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe máa ń rí nígbà tí kò bá gún. Iṣẹ́ títẹ̀ tó ń ṣe yóò máa dín kù, kò sí bí wọ́n ṣe lè sọ ọ́ tí kò fi ní rí bẹ́ẹ̀, bí ẹ̀rọ táípù ṣe kúrò nílẹ̀ nígbà tí kọ̀ǹpútà dé. Àwọn tó mọ táípù lò nígbà yẹn tí wọ́n tètè kọ́ kọ̀ǹpútà ló wà nídìí òwò náà títí dòní. Ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù títẹ̀wé lè bá ilé ìwòsàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin sọ̀rọ̀ pé òṣìṣẹ́ òun á máa wá fún wákàtí kan lóòjọ́ láti ka ohun tí ẹ̀rọ wọn kọ. Ilé ìwòsàn kò ní san odindi owó oṣù, ṣọ́ọ̀bù á sì rí owó tó dájú lóṣooṣù dípò owó ojú ìwé kọ̀ọ̀kan.

Kí ó máa wá, kì í ṣe kí wọ́n máa gbé fáìlì lọ bá a. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ òfin ti wọlé. Kọ̀ǹpútà inú ṣọ́ọ̀bù tí gbogbo èèyàn ń lò kì í gbàgbé ohun tí wọ́n tẹ̀ sínú rẹ̀, ẹni tó bá sì wọlé lẹ́yìn ìyẹn lè rí i. Òfin ìlera 2014 yẹn kan náà sọ pé ọ̀rọ̀ aláìsàn jẹ́ àṣírí, ẹni tí kò bá sì dáàbò bo àkọsílẹ̀ náà bó ṣe yẹ lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún méjì tàbí kó san 250,000 náírà, tàbí kó jẹ méjèèjì. Òfin ìdáàbòbò dátà tí ààrẹ fọwọ́ sí lóṣù kẹfà ọdún 2023 tún ka ọ̀rọ̀ ìlera mọ́ àwọn ọ̀rọ̀ tó gba ìṣọ́ra jù lọ. Owó ìtanràn tó wà níbẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ tí kò tóbi lè tó mílíọ̀nù 2 náírà tàbí ìdá 2 nínú 100 owó tó wọlé fún un lọ́dún tó ṣáájú, èyí tó bá pọ̀ jù nínú méjèèjì. Kò sí ilé ìwòsàn oníbẹ́ẹ̀dì mẹ́jọ tí irú owó bẹ́ẹ̀ kò ní mì.

Ohùn sì ju ìwé lọ. Bí ìwé bá sọ nù, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ló lọ. Bí ohùn bá bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, ohùn aláìsàn náà wà níbẹ̀, aládùúgbò rẹ̀ lè dá a mọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ yìí kì í ṣiṣẹ́ inú fóònù tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ sí, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń gbé ohùn náà lọ, sínú kọ̀ǹpútà tó lè wà lókè òkun, kí wọ́n tó dá a padà ní kíkọ. Ó yẹ kí aláìsàn mọ̀, kó sì gbà, kí wọ́n tó tan ẹ̀rọ, kí wọ́n sì fi èdè tó gbọ́ ṣàlàyé fún un. Èyí tó tún burú jù ni ti WhatsApp. Dókítà á sọ ọ̀rọ̀ aláìsàn sínú fóònù ara rẹ̀, á fi ránṣẹ́ sí nọ́ọ̀sì, nọ́ọ̀sì á gbé fóònù fún ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kó fi wo fíìmù. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, tí wọ́n ní ó ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́, ti wọ inú fóònù báyìí.

Onílé ìwòsàn tó bá fẹ́ ra ẹ̀rọ náà, kó ní kí ẹni tó ń tà á gbé e wá fún ọ̀sẹ̀ kan, kó má san ju owó oṣù kan lọ lákọ̀ọ́kọ́, nítorí dọ́là ni wọ́n fi ń díye lé ọ̀pọ̀ nínú wọn. Kó ní aláìsàn 20 tí wọ́n gbà bẹ́ẹ̀, kí dókítà kọ tiwọn lọ́wọ́, kó sì tún sọ ọ́ fún ẹ̀rọ. Lọ́jọ́ Sátidé, kí wọ́n gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí wọ́n sì ka àṣìṣe orúkọ sọ́tọ̀, ti oògùn sọ́tọ̀, ti nọ́ńbà sọ́tọ̀. Kí wọ́n pa iná yàrá, kí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, kí wọ́n tún un ṣe. Kí wọ́n yọ íntánẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n wo ohun tí ẹ̀rọ máa ṣe. Kí wọ́n béèrè ibi tí ohùn ń lọ àti ọjọ́ tí wọ́n máa pa á rẹ́. Kí dókítà wá pe Ọmọ́lará àti Ọmọ́lọlá tẹ̀lé ara wọn, pẹ̀lú oògùn méjèèjì yẹn, lójú ẹni tó ń tà á. Ẹni tó bá ní àyè kò sí fún irú ìdánwò bẹ́ẹ̀, kó máa gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lọ.